Láti Frejon dé Fanti: Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde Wa ní Lafiaji

Bàbá mi ló yan àsìkò. Èmi ti fẹ́ kí a lọ ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àmọ́ wọ́n ní rárá. "Kí lo fẹ́ lọ wò l'Ékòó ní oṣù kẹjọ? Kò sí frejon, kò sí Fanti, lékèélékèé gan-an ti lọ sókè ọya."

Frejon ni ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè fún Ẹtì Rere; Fanti ni ijó ìgboro tí àwọn àdúgbò Èkó ń jó ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá ti kó kúrò ní Lafiaji, àdúgbò kan ní erékùṣù Èkó, wá sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n tí orúkọ Èkó bá ti wọ ọ̀rọ̀, ohùn wọn á yàtọ̀. Ọmọ Àgùdà ni wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn wà lára àwọn tó gba òmìnira ní Brazil, tí wọ́n wọ ọkọ̀ òkun padà sílé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tẹ Pópó Àgùdà dó sí erékùṣù Èkó. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì tíì jẹ frejon rí. Ìdí tí a fi gbéra nìyẹn. Alaalẹ́ ni mo ń kọ èyí sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mú òbí tàbí ọmọ rẹ̀ lọ lè mọ ohun tí yóò bá pàdé.

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa láti Abẹ́òkúta dé Ebute Metta wọ́ọ́rọ́wọ́. Oòrùn mú, kò sí atẹ́gùn kankan. Lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀, ọmọbìnrin kan ń ta àgbálùmọ̀, márùn-ún fún ₦1,000. Bàbá tẹ ọ̀kan wò, wọ́n dá a padà. "Ó ti kọjá àsìkò." Àgbálùmọ̀ láti December ni; tí Àjíǹde bá fi dé, mángòrò ló gba ọjà. A ra mángòrò.

Danfo tó ń lọ sí Obalende gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí afárá tí ojú ọ̀run fi ṣú láti ìhà ìlà oòrùn, tí atẹ́gùn tútù kan sì gba inú ọkọ̀ kọjá. Gbogbo èrò ló ti fèrèsé. Òjò àkọ́rọ̀ ni, irú èyí tí ìjì máa ń ṣíwájú rẹ̀, kì í pẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣeré. Nígbà tí a fi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Obalende, omi ti ń sàn lójú títì. Ní ìkòríta tó kẹ́yìn kí a tó dé ilé, kẹ̀kẹ́ wa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú sínú omi. Omi dé orókún mi. Orókún Bàbá kò dára láti ọdún tó kọjá, mi ò sì mọ ibi tí gọ́tà wà lábẹ́ omi dúdú yẹn.

Alábàrù kan ló gbà wá. Ó ń ti ọmọlanke òfìfo bọ̀, ó wo Bàbá, ó wo omi, kò bi wá ní nǹkan kan. Ó ká àpò ṣìmẹ́ǹtì mẹ́ta léra, ó tẹ́ wọn sójú ọmọlanke, ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó fi í kọ́ ọwọ́ ọmọlanke náà. "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ di ibí mú." Bàbá mi, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni di ọwọ́ wọn mú gun àtẹ̀gùn, jókòó sórí ọmọlanke pẹ̀lú fìlà wọn lórí, wọ́n sì na ọwọ́ sí ọ̀nà fún un bí ẹni ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà. Èmi àti ọmọ mi di ẹ̀yìn ọmọlanke mú. Nígbà tí a dé ẹnu ilé, mo na ₦2,000 sí i, ó ti ọwọ́ mi padà. "Ẹ fi ra búrẹ́dì fún ọmọ yẹn. Èmi náà ní bàbá nílé."

Òun ló sọ ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ ní Àjíǹde fi sọ́kàn: "Kì í ṣe òjò nìkan, Màdámú. Ọ̀sà ló kún. Omi gọ́tà kò ríbi lọ." Mo gbójú sókè lálẹ́ ọjọ́ náà lẹ́yìn tí òjò dá, mo rí òṣùpá àrànmọ́jú lókè ilé, ó rí róbótó. Ìjọ kì í fi ojú lásán yan ọjọ́ Àjíǹde: ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tó bá yọ láti March 21 lọ ni. Nítorí náà, lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ yìí, òṣùpá máa ń kún tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Òṣùpá tó bá sì kún, omi òkun á ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á ti omi ọ̀sà sẹ́yìn, gọ́tà erékùṣù á sì di. Tí òjò bá bá yín níbẹ̀, ẹ má bá omi jìjàkadì. Ẹ jókòó sábẹ́ òrùlé kan fún wákàtí díẹ̀. Tí òkun bá fà, títì á gbẹ. Ẹ mú sílípáàsì rọ́bà dání; bàtà mi ti bàjẹ́.

Ọjọ́ kejì, Ẹtì Rere

Aago márùn-ún àárọ̀ ni Màmá, ẹ̀gbọ́n Bàbá, jí mi. Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà láti àná. Ẹ̀wà dúdú ni wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n wá a títí lọ́dún yìí, ẹ̀wà olóyin ni wọ́n rí. Wọ́n sè é láìfi iyọ̀ sí i títí ó fi rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Èmi ni wọ́n fi sídìí àgbọn. Mẹ́fà ni, ₦1,200 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fọ́ wọn, mo rin wọ́n, ọwọ́ mi bó. Màmá da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, wọ́n kọ́ mi bí a ti ń fún un nínú aṣọ funfun: èyí àkọ́kọ́ tó ki, ẹ gbé e sápá kan, ìkẹyìn ni yóò wọ ìkòkò; èkejì àti ẹ̀kẹta tó ṣàn, òun lẹ fi ń se ẹ̀wà. "Tó o bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, adùn rẹ̀ á lọ."

Mo gbé ẹ̀wà lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta. Mo rò pé màá bá ata níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ènìyàn bíi mẹ́wàá ló tò sílẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ike ẹ̀wà rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni tó ni ẹ̀rọ sì ti fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kì í lọ ata ní Ẹtì Rere kí ọ̀sán tó pọ́n. Mùsùlùmí ni. Ó ní bàbá òun ló fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkòkò pa dà sórí iná, Màmá di kànáfùrù sínú àkísà kékeré mímọ́, wọ́n sọ ọ́ sínú rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí rò ó. Frejon kì í fẹ́ kí ẹ yọjú sí fóònù. Tí ọwọ́ bá dúró, ó jóná. Tí iná bá pọ̀, ó ń ta. Ó ta sí mi lọ́rùn ọwọ́, ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó gbà wá ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tí ó ki tán, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán, òórùn àgbọn àti kànáfùrù gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé àtẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Màmá ní ṣíbí mẹ́ta, Bàbá ní ìyá àwọn kò fi ṣúgà sí i rí. Wọ́n bù ú sọ́tọ̀ fún Bàbá. A bu ọbẹ̀ ata ẹja lé e, a wọ́n gààrí Ìjẹ̀bú sí i. Ẹran kò sí lónìí. Ọmọ mi wo àwo rẹ̀ pẹ́, ó fi ìka tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà ó jẹ ẹ́ tán, ó sì béèrè ìyókù ti Bàbá.

Kí àwa tó jẹun ni àwọn ọmọdé ti gbé abọ́ lọ kiri. Mo ka mọ́kànlá. Mẹ́rin nínú rẹ̀ lọ sílé àwọn Mùsùlùmí, Alhaja tó wà lódìkejì sì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí abọ́ tirẹ̀ tó dé. Tí Iléyá bá dé, ẹran á gba ọ̀nà kan náà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹbí níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ lọ sí agbègbè Campos tàbí Lafiaji ní ọ̀sán Ẹtì Rere, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni ọ̀pọ̀ ilé ń se é.

Ọjọ́ kẹta, Àbámẹ́ta

Igbó Lekki. A tètè jáde nítorí ọ̀bọ kì í bá oòrùn ọ̀sán ṣeré. Láti Obalende, a wọ ọkọ̀ Ajah, a sọ̀ ní ibùdókọ̀ Chevron. Láti ọdún 1990 ni wọ́n ti dá ibi ìpamọ́ ẹ̀dá yìí, Lekki Conservation Centre, sílẹ̀, hẹ́kítà 78, igbó àti àbàtà tó kù láàárín ilé àti títì. Ẹ wọlé, ariwo ọkọ̀ á kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín lórí pákó.

Ọ̀bọ mona ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀: ẹ̀yìn pupa, ikùn funfun, ojú aláwọ̀ búlúù. Mo ti kìlọ̀ fún ọmọ mi pé kó má mú oúnjẹ dání, kò sọ fún mi pé ẹ̀pà wà lápò òun. Ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ láti orí igi, kò sáré, ó rìn wá bí ẹni tó wá gba gbèsè, ó ki ọwọ́ bọ àpò ọmọ náà, ó fa ọ̀rá ẹ̀pà yọ. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ kedere: èékánná dúdú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ tó hunjọ bí ti arúgbó. Ọmọ mi bú sẹ́kún. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé fún un pé oúnjẹ àwa ènìyàn ń ba inú wọn jẹ́, ó sì ń sọ wọ́n di olè. Ẹ kó gbogbo nǹkan jíjẹ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, títí kan ti àpò ọmọ.

Èmi àti ọmọ gun afárá òkè igi, èyí tó gùn ní mítà 401. Ó ń mì. Mi ò wo ìsàlẹ̀ títí mo fi dé pákó ìsinmi kejì. Bàbá dúró sí pápá, wọ́n ń wo ọ̀kín àti ìjàpá ńlá, wọ́n sì rí ohun tí àwa kò rí: ọ̀wọ́ lékèélékèé tó fò kọjá, wọ́n lé ní ogún. Wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni lékèélékèé máa ń kún ọ̀dọ̀ wa. Tí òjò bá ti múlẹ̀, wọ́n á gba òkè ọya lọ láti lọ yé ẹyin. Àwòdì náà máa ń gba òkè ọya lọ tí òjò bá dé. Bàbá kọ́ ọmọ mi bí àwọn ṣe máa ń ju ìka sókè, tí wọ́n á ní kí lékèélékèé fún àwọn ní èékánná funfun. Láti ìgbà náà ni ọmọ ọ̀hún ti ń wo èékánná rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹyẹ lẹ fẹ́ wò ní tòótọ́, November sí February ni kí ẹ lọ, nígbà tí àwọn tó ti Yúróòpù wá sá fún òtútù náà wà nínú igbó. June ni òjò Èkó máa ń pọ̀ jù, àbàtà á kún, pákó á máa yọ̀. Ó máa ń dẹwọ́ ní ìparí July àti August, á tún padà ní September àti October. Àjíǹde wà lẹ́nu ọ̀nà: ooru kò tíì lọ, òjò kò tíì jókòó.

Ọjọ́ kẹrin, Àìkú

Ìsìn Àjíǹde ní Holy Cross kún dé ojú títì. Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá ní àwọn fẹ́ rìn.

A rìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi Ilé Omi ní Kakawa han ọmọ mi, ilé àwọn Da Rocha, tí wọ́n ti ń ta omi kànga fún ará ìlú nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé. Wọ́n fi mọ́sálásí Shitta-Bey hàn án, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894, tó jẹ́ pé ọmọ Àgùdà, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Ọmọ Kátólíìkì kọ́ mọ́sálásí, Bàbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè wọ ọmọ létí. Nígbà tí a dé Tinubu Square, wọ́n dúró sí iwájú ibi tí Ilojo Bar wà. Ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855 ni, ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní September 2016. Bàbá kò tíì débẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wó o. Wọ́n fi ọ̀pá wọn ya igun fèrèsé sí afẹ́fẹ́, ó rí rogodo lókè, wọ́n ní níbí ni àwọn máa ń dúró sí wo Fanti. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a máa lọ sílé.

Tí ẹ bá fẹ́ rí àwọn ilé Àgùdà tó kù, ẹ má sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, Ajé

Láti alẹ́ Àbámẹ́ta ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá ti di ilé ìránṣọ. Àwọn ọmọge àdúgbò ń rán fìlà Fanti: páálí tí wọ́n gé róbótó, sátíìnì búlúù tí wọ́n fi bò ó, ìyẹ́ lókè, ìlẹ̀kẹ̀ dídán tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mọ́ ọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Fìlà kan gba alẹ́ méjì.

Lónìí wọ́n jáde. Ìlù sámbà ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, àyà yín á gbọ̀n kí etí yín tó mọ̀. Lẹ́yìn náà fèrè. Lẹ́yìn náà àsíá àdúgbò, ẹṣin tí wọ́n wọ̀ láṣọ, àti ènìyàn lẹ́gbẹẹgbẹ̀ta tí àwọ̀ aṣọ wọn jọra. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀: Lafiaji, Campos, Epetedo, Òkèpòpó, Olówógbówó. Kàrẹ́tà ni Màmá ṣì ń pè é. Ọdún Kérésì àti ọdún tuntun náà máa ń rí i, ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbéra, ẹ bi ará àdúgbò ní ọjọ́ àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà, ó máa ń yí padà. Ẹ má gbé mọ́tò wá; láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń dí títì. Ẹ fi owó àti fóònù sí àyà. Wọ́n fẹ́ gba tèmi, ọmọbìnrin kan tó wọ fìlà ìyẹ́ ló fi igbe ta, olè náà sì wọ inú èrò lọ.

A gbé àga Bàbá sí ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ Lafiaji dé iwájú ilé, wọ́n dúró jó fún àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó bo ojú yà kúrò lójú ìlà, ó ń jó bọ̀ lọ́dọ̀ Bàbá, ijó àgbàlagbà, tí ẹsẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ká ìbòjú sókè. Irun rẹ̀ ti funfun. Bàbá wò ó, wọ́n pe orúkọ ilé ìwé kan, bàbá náà sì pe nọ́ńbà ìjókòó wọn ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kò tún jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì mọ́. Wọ́n di ara wọn mú, ìlù ń lù, ọ̀gá ẹgbẹ́ sì dá gbogbo ìlà dúró fún wọn, kò sì kánjú wọn.

Ẹni tó bá jẹ́ Ẹ̀yọ̀, eré àwọn aláṣọ funfun ti Èkó, ló ń wá, ìyẹn kò lọ́jọ́ kan pàtó lọ́dún. Ẹ̀yọ̀ May 20, 2017, fún àádọ́ta ọdún ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n ṣe é. Ẹ máa tẹ́tí sí ìkéde. Tí ẹ bá sì lọ, ẹ bọ́ bàtà, ẹ má di ṣùkú, ẹ má mu sìgá. Ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, kì í bi àlejò léèrè ibi tó ti wá.

Ọjọ́ kẹfà, Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ Ajé ni gbogbo Èkó ń lọ sétí òkun, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun la yàn. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté CMS lọ sí Tarkwa Bay, ₦2,500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan fún àlọ. Awakọ̀ rí i dájú pé gbogbo wa so láìfù jákẹ́ẹ̀tì kó tó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì gbé Bàbá sí àárín, níbi tí ọkọ̀ kì í ti fò púpọ̀. "Bàbá, ẹ̀yin mọ ìgbà wá. Ká ní Àbámẹ́ta ni, omi ì bá na yín. Òṣùpá ti ń fá báyìí, omi ti rọ̀." Kò kà á nínú ìwé, ara omi ló ti mọ̀ ọ́n.

Etí òkun náà dákẹ́, bíi pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọdún. Ìgbì kò lágbára níbẹ̀ nítorí àwọn òkúta ńláńlá tí ìjọba amúnisìn kó sínú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún, kí ọkọ̀ òkun lè rọ́nà wọ Èkó. Òkúta kan náà ló dá iyanrìn dúró ní apá kan, tí apá kejì, Bar Beach tí Bàbá ti máa ń wẹ̀ nígbà ọmọdé, sì ń jẹra lọ. Ilé gogoro ló wà níbẹ̀ báyìí, a ń wò wọ́n lókèèrè.

Apẹja kan ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, ọmọ mi jókòó tì í. Ó fi ihò akàn hàn án, ó sọ fún un nípa ìjàpá òkun tó máa ń gòkè wá yé ẹyin lóru ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ipasẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn bí ti taya katapílà. Ó ní òun rí ọ̀kan ní January, òun dúró jìnnà sí i, òun pa tọ́ọ̀ṣì, nítorí iná máa ń dà á lójú rú. "Tó o bá padà wá ní ọ̀gbẹlẹ̀, bóyá ìwọ náà á rí i." Ó fún ọmọ náà ní ẹja sísun, kò gba owó. Aago mẹ́rin la ti padà. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú omi.

Ọjọ́ keje, Ọjọ́rú

Màmá di kànáfùrù tó ṣẹ́ kù sínú aṣọ, wọ́n fi sínú báàgì mi. Alhaja fi ẹran gbígbẹ ránṣẹ́. Bàbá gbé fìlà Fanti kan lé itan láti Ebute Metta dé Abẹ́òkúta, ọ̀gá ẹgbẹ́ ló fún wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e.

Nígbà tí ó di alẹ́, Màmá pè. Òjò ti rọ̀ láti ọ̀sán, wọ́n ní, ṣùgbọ́n omi kò dúró lójú títì. Ọ̀sà ti fà.